Ẹyin Lọ̀rọ̀, Ẹyin Náà Ni Àwòrán

Àwọn àgbà wa ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Olódì-Àpápá, mo ti pa òwe yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní àìmọye ìgbà, pàápàá nígbà tí ìjà ẹnu bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Èmi alára kò ronú kan àwòrán rárá títí di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ní sáà kejì ọdún ẹ̀kọ́ tó kọjá.

Ọ̀rọ̀ náà kéré lójú nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì SS2 sùn lọ lórí tábìlì lẹ́yìn àkókò ìsinmi. Ó la ẹnu sílẹ̀, itọ́ sì ń dà sórí ìwé rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ilé wọn kò ní bínú sí oorun náà. Aago mẹ́rin ìdájí ni ọmọ yìí máa ń jí láti bá ìyá rẹ̀ ṣètò ẹ̀wà tí wọ́n fi ń dín àkàrà ní ẹ̀gbẹ́ ọjà Boundary, àkàrà náà ló sì ń ra ìwé fún un. Ọmọkùnrin tó jókòó níwájú rẹ̀ yọ fóònù jáde, ó ya àwòrán rẹ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ sábẹ́ rẹ̀, ó sì gbé e sí orí status WhatsApp rẹ̀.

Kí agogo ìparí ilé ẹ̀kọ́ tó lù, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ti rí i. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa kò ní bi mí pé báwo. Ní Tolú, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ló wà nínú ọgbà kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ tí kì í bá lọ sí ibẹ̀, bíi tiwa, ń gbé ilé kan náà pẹ̀lú àwọn tó ń lọ síbẹ̀: ilé tí yàrá mẹ́wàá kọjú síra wọn, tí ìdílé mẹ́wàá ń pọn omi nínú kànga kan. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní òwúrọ̀ ní òpópónà Kìríkìrì yóò ti di ìtàn ní Ajégúnlẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, àní kí fóònù tó dé. Fóònù kàn wá fi ẹsẹ̀ mìíràn kún ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Ọmọbìnrin náà kò wá sí ilé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ kejì. Ọjọ́ ẹ̀kọ́ méje ni kò fi wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí èmi náà ṣe, nítorí òun gan-an ló mú mi kọ nǹkan yìí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo wọ kíláàsì náà pẹ̀lú ìbínú. Mo ní kí gbogbo ẹni tó mú fóònù wá gbé e jáde. Òfin ilé ẹ̀kọ́ wa ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú fóònù wá, síbẹ̀ mẹ́tàlélógún ni mo kà. Mo kó wọn sínú ọ̀rá dúdú kan. Ti ọmọkùnrin yẹn ni mo fi sílẹ̀ kẹ́yìn. Mo ní kó ṣí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó wà nínú rẹ̀ sí etígbọ̀ọ́ gbogbo kíláàsì: ọ̀rọ̀ tó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ, ọ̀rọ̀ tó kọ sí ọmọbìnrin kan tó wù ú, ọ̀rọ̀ tó fi bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó fi ₦1,000 ránṣẹ́ nítorí kò tíì jẹun. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà tẹjú mọ́lẹ̀. Mo rò pé ẹ̀kọ́ ni mo ń kọ́ ọ.

Ẹ̀rín yẹn ló ta mí jí. Ẹ̀rín kan náà ni wọ́n rín ní Ọjọ́bọ̀. Ohun tí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún fi fóònù ṣe sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, èmi tí mo ti lé ní ogójì ọdún ti fi fóònù kan náà ṣe sí òun náà, ní ọ̀sán gangan, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Mo dákẹ́, mo ju fóònù náà mọ́ àwọn yòókù, mo sì jáde. N kò tọrọ àforíjì lọ́jọ́ náà. Ìgbéraga àwa olùkọ́ kì í ṣe kékeré.

Ní ọjọ́ Ajé, ìyá ọmọkùnrin náà wá. Mo ti múra ìjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ ni ìyá náà kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá tíṣà, ẹ má bínú. Ẹ bá wa nà án bó ṣe wù yín. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ni fóònù yẹn. Òun ni álààtì POS mi ń wọlé sí. Láti ọjọ́ Ẹtì ni n kò ti lè jókòó síbi iṣẹ́."

Mo ní, "Ìyá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́." N kò mọ ohun tí mo tún lè sọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ti ọjà obìnrin tí kò ṣẹ̀ mí pa, mo sì pe èyí ní ìbáwí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ìmọ̀ràn tí a máa ń gbọ́ lórí rédíò, pé kí òbí máa ṣọ́ fóònù ọmọ rẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ bá àdúgbò wa mu. Ọmọ wo ló ní fóònù tirẹ̀? Fóònù ilé ni. Ìyá ń fi í gba owó, bàbá ń fi í wo bọ́ọ̀lù, ẹ̀gbọ́n ń fi í wá iṣẹ́, ọmọ sì ń fi í ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ní alẹ́ nígbà tí dátà bá kù. Ọmọ yìí kan náà ni akọ̀wé ilé. Òun ló ń ka álààtì fún ìyá àgbà, òun ló ń kọ́ bàbá bí a ṣe ń tẹ nọ́ńbà NIN sínú fọ́ọ̀mù, òun ni wọ́n ń pè nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò yé ẹnikẹ́ni bá wọlé. Bí ọmọ bẹ́ẹ̀ kò bá mọ íntánẹ́ẹ̀tì lò, kì í ṣe òun nìkan ni yóò jìyà rẹ̀. Gbogbo ilé ló wà nínú ewu.

Ìbẹ̀rù íntánẹ́ẹ̀tì kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àdúgbò wa. Àwọn tó ti dàgbà yóò rántí àwọn káfé ìgbà náà lọ́hùn-ún, tí àwọn ọ̀dọ́ ń sanwó láti jókòó sí mọ́jú nítorí pé owó òru dín sí ti ọ̀sán. Ibẹ̀ ni orúkọ Yàhúù ti mọ́ àwọn gbájúẹ̀ lórí. Nígbà tí àjọ EFCC bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2003, kò pẹ́ tí àwọn káfé fi bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ògiri pé àwọn kò fẹ́ oníjìbìtì. Ní ojú ọ̀pọ̀ òbí, ọmọ tó bá ti ń lọ sí káfé ti bà jẹ́ nìyẹn.

Àsìkò náà ni àwọn kan wo Ajégúnlẹ̀ tí wọ́n rí nǹkan mìíràn. Ní ọdún 2007, Gbenga Sesan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Paradigm Initiative sílẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ ni èyí tí wọ́n pè ní Ajegunle.org. Wọ́n ń kó àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò jọ, wọ́n ń kọ́ wọn ní kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní ọ̀nà àtidá òwò sílẹ̀ àti bí èèyàn ṣe ń gbé ìgbé ayé rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé wọn kò ya ìwà sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ ọwọ́. Wọn kò kan sọ fún ọmọ pé kó má ṣe Yàhúù, wọ́n fún un ní nǹkan mìíràn láti ṣe. Nígbà tí orin ń kókìkí owó gbájúẹ̀ káàkiri ìlú, wọ́n dara pọ̀ mọ́ Microsoft àti àwọn olórin bíi Banky W, M.I àti Omawumi láti gbé orin "Maga No Need Pay" jáde. Mo mọ̀ pé orin kan kò lè ṣẹ́gun ebi. Ṣùgbọ́n àdúgbò tí gbogbo ayé mọ̀ sí ti ìpáǹle nìkan ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti dé àwọn ìlú mìíràn láti ibẹ̀.

Kí wá ni àwa tó wà nílé ẹ̀kọ́ ń ṣe ní gbogbo àkókò yìí? Mo lè fi ìwé àwọn ọmọ mi hàn yín. Nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n ya abacus, wọ́n sì kọ orúkọ Pascal àti Babbage sílẹ̀. Wọ́n mọ ìran kìíní títí dé ìran karùn-ún kọ̀ǹpútà lórí bí ẹni ń ka oríkì. Wọ́n fi rúlà ya kííbọọ̀dù, wọ́n sì kun ún ní àwọ̀. Kò sí ojú ewé kan tó sọ ohun tí ọmọ lè ṣe bí ẹnìkan bá pè é pé kó ka nọ́ńbà mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù ìyá rẹ̀. Ní ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde àtúnṣe sí ìlànà ẹ̀kọ́, wọ́n sì fi ìmọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé kún ohun tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ní yàrá kọ̀ǹpútà tiwa, ẹ̀rọ mẹ́rin ló ń ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá wà.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti gbìyànjú ọ̀nà mìíràn rí. Ní ọdún 2013, gómìnà ìgbà náà, Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, gbé Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama: ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí wọ́n kó ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sínú rẹ̀, tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì kó tó ṣiṣẹ́. Ọgbọ́n ńlá ni, orúkọ rẹ̀ sì dùn létí. Ṣùgbọ́n ọgbà tí a mọ yí ọmọ ká ni. Fóònù ìyá rẹ̀ nílé kò ní ọgbà.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Mo kọ́kọ́ dúró níwájú kíláàsì, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọkùnrin yẹn pé n kò ní ẹ̀tọ́ láti ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ síta. Kíláàsì pa rọ́rọ́. Mo rò pé wọn kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu olùkọ́ rí. Lẹ́yìn náà, mo mú páálí kan, mo ya orí èèyàn tó ń sùn, tó la ẹnu sílẹ̀. Èmi ni. N kò mọ àwòrán yà, nítorí náà ó burú ju bí mo ṣe rò lọ. Mo fún ọmọ tó jókòó níwájú, mo ní kó dà á kọ, kó fi fún ẹlòmíràn, kí ẹni náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ títí di ọ̀la.

Ní ọjọ́ kejì, mo ní kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀dà rẹ̀ padà fún mi. Wọ́n rò pé eré ni. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n rí kó wá. Ẹnìkan ti fi ìwo méjì sí mi lórí. Ẹlòmíràn ti kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ogógóró ni mo mu. Ọ̀kan ti fò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ àbúrò ẹnìkan, ẹni tó sì ní òun ti ju tirẹ̀ nù kò lè júwe ibi tó jù ú sí. Mo bi wọ́n pé mélòó ló kù níta. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mo ní, "Páálí àti bírò lásán nìyí o, kò sì tíì pé ọjọ́ méjì." Wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọmọ kan wá béèrè pé níbo gan-an ni àwòrán orí WhatsApp máa ń wà. Ó rò pé inú afẹ́fẹ́ ni. Mo rán wọn létí oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì kú kaakiri ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí ọ̀pọ̀ báńkì ní Èkó kò lè fi owó ránṣẹ́, nítorí pé àwọn okùn tó gba abẹ́ òkun kọjá bà jẹ́ ní ẹ̀bá Côte d'Ivoire. Mo ní òkun tí wọ́n ń wò láti Àpápá, tí wọ́n rò pé ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń gbà á, òun náà ni ọ̀rọ̀ wọn ń gbà kọjá lọ sí kọ̀ǹpútà àwọn tí wọn kò ní fojú rí láé. Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi nínú ju gbogbo èyí tí mo ti gbọ́ ní ọdún náà lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a ṣe eré. Ọmọ kan di òṣìṣẹ́ báńkì èké, òmíràn di ìyá àgbà. "Ẹ kú ọ̀sán mà. Láti báńkì yín ni. A fẹ́ dáàbò bo àkáǹtì yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka nọ́ńbà mẹ́fà tó wọlé fún mi." Ọmọ tó ń ṣe gbájúẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ náà sọ débi pé àyà mi já díẹ̀, mo sì ń ronú ibi tó ti gbọ́ ọ. Mẹ́rin nínú wọn ló jẹ́wọ́ pé ẹnìkan nílé wọn ti ka nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ fún àjèjì rí. Ti ọ̀kan, WhatsApp ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n fi gbà, wọ́n sì fi orúkọ ẹ̀gbọ́n náà yá owó lọ́wọ́ gbogbo ọmọ ìjọ. A fi ọ̀nà tí a fi ń ti WhatsApp pa pẹ̀lú nọ́ńbà ìdákọ́ńkọ́ kún ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà, mo sì ní iṣẹ́ àṣetiléwá wọn ni pé kí wọ́n ṣe é fún àgbàlagbà kan nílé. Iṣẹ́ àṣetiléwá kan ṣoṣo tí gbogbo wọn ṣe ní sáà náà nìyẹn.

A sọ ti àwọn tó ń ta "expo" ìdánwò lórí Telegram, tí wọ́n ń gba owó káàdì lọ́wọ́ ọmọ tí wọn yóò sì dí nọ́ńbà rẹ̀ pa. Mo sọ fún wọn, tìṣọ́ratìṣọ́ra, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní oṣù kìíní ọdún 2022, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mélòó kan tí ọjọ́ orí wọn kò kọjá ogún ọdún gba ẹ̀mí ọmọbìnrin kan nítorí ògùn owó, tí ọ̀kan nínú wọn sì sọ pé orí Facebook ni òun ti wá bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ ló dá ògùn owó sílẹ̀, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Ìgbàgbọ́ yẹn ti wà nínú ilé wa àti nínú fíìmù wa tipẹ́. Ẹni tó bá béèrè ìbéèrè burúkú lọ́wọ́ ẹ̀rọ yóò rí ẹni dá a lóhùn ni, kò sì ní sí bàbá àgbà kan nítòsí tí yóò bi í pé kí ló dé.

Mo sọ ti òfin náà, ṣùgbọ́n n kò pẹ́ lórí rẹ̀. Òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà jáde ní ọdún 2015. Lábẹ́ abala 23 rẹ̀, ẹni tó bá pín àwòrán ìṣekúṣe tó ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 nínú lè lọ ẹ̀wọ̀n ọdún 10, tàbí kó san mílíọ̀nù 20 náírà, tàbí méjèèjì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, nígbà tí fídíò ọmọdébìnrin akẹ́kọ̀ọ́ Èkó kan ń ti fóònù dé fóònù, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kìlọ̀ pé ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ń dúró de ẹni tó bá ń pín irú rẹ̀. Ojú àwọn ọmọ là rekete, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn rò pé ẹni tó ya nǹkan nìkan ló jẹ̀bi, ẹni tó kàn fi ránṣẹ́ kò ṣe nǹkan kan. Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí ọlọ́pàá jẹ́ ìdí tí ọmọ fi ń hùwà tó tọ́. Òfin kan náà ni àwọn alágbára fi ń mú oníròyìn, kí wọ́n tó tún apá kan nínú rẹ̀ ṣe ní ọdún 2024. Àwòrán ọmọbìnrin tó ń sùn lórí tábìlì kò sì sí nínú òfin kankan tí mo mọ̀.

Kó tó di pé mo ṣe gbogbo èyí, mo ti lọ sí Boundary. Ìyá ọmọbìnrin náà ń yọ àkàrà nínú epo nígbà tí mo dé. Ó kí mi dáadáa, ó fún mi ní àpótí jókòó, kò sì sọ̀rọ̀ títí tí àwọn oníbàárà fi dínkù. Ó ní, "Tíṣà, èmi ni mo jí i láago mẹ́rin. Bó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ fi ẹnìkan ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ ní kí wọ́n wá ya èmi." Ọmọ náà wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fọ agbada. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó padà wá. Ó bi mí pé, "Sà, ṣé ẹ lè pa á rẹ́ nínú fóònù gbogbo wọn?" Mo ní rárá, n kò lè ṣe é. Ó jọ pé ìdáhùn yẹn ló jẹ́ kó gbà mí gbọ́. Ó padà wá ní ọjọ́ kẹta.

Ọmọkùnrin náà ti fẹ́ tọrọ àforíjì. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pàápàá, ó fẹ́ gbé e sí orí status rẹ̀ kí gbogbo ẹni tó rí àkọ́kọ́ lè rí ìkejì. Èmi rò pé ohun tó dára ni, mo tilẹ̀ yìn ín. Ọmọbìnrin náà ló kọ̀. Ó ní òun kò fẹ́ wà lórí status ẹnikẹ́ni mọ́, ì báà jẹ́ fún ire. Ó ní kó sọ ọ́ fún òun lẹ́nu, kó sì dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, n kò sì gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

Ní ọjọ́ tí a parí sáà, wọ́n ní kí n ya àwòrán gbogbo kíláàsì. Wọ́n tò, wọ́n gbá ara wọn mọ́ra, mo yà á. Kí n tó fi fóònù sápò, ọmọbìnrin náà na ọwọ́. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó, sà." Ó wò ó pẹ́. Ó ní ojú òun dì pọ̀, kí n pa á rẹ́. Mo pa á rẹ́ lójú rẹ̀, mo ya òmíràn. Ó wo ìyẹn náà, ó sì dá fóònù padà fún mi. "Èyí dára," ó ní, "ṣùgbọ́n ẹ má gbé e síbì kankan o, sà."

Inú fóònù mi ló wà títí di òní.